Okùn Aró Pupa

Bẹ́ẹ̀dì Shamaun ti ṣófo. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, ọkùnrin tó ṣe sọ́jà Róòmù nínú eré ìjìyà Jésù dúró tì í ní ilé ìwòsàn kan nítòsí ìlú Faisalabad, ó ń wo aṣọ ìbora tí wọ́n ká sórí rẹ̀.

Lọ́dọọdún, okùn òwú tí wọ́n rì sínú aró pupa ni sọ́jà fi ń na Jésù lẹ́bàá oko àlìkámà. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere ọdún yìí, ó hun wáyà mọ́ okùn náà, nítorí pé Shamaun tó ń ṣe Jésù ni ọkọ Rakhil, àbúrò sọ́jà, Shamaun sì ti fọ́ eyín Rakhil méjì láàárín ààwẹ̀ ogójì ọjọ́.

Pàṣán àkọ́kọ́ ya awọ ẹ̀yìn Shamaun. Àwọn èrò ń sunkún. Wọ́n rò pé aró ni ẹ̀jẹ̀ náà.

"Akọni tí ń lu ìyàwó, ó ta ọ́ lára àbí?" Sọ́jà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo to ẹrù eré láàárọ̀. Mo rí wáyà yẹn. Ẹ máa nà mí," Shamaun dáhùn.

Sọ́jà sì nà án, títí tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn, tí Shamaun sì dákú.

"Ta lẹ ń wá?" nọ́ọ̀sì bi sọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo náà.

"Shamaun. Ṣé ó ti lọ sílé ni?"

"Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ló mọ̀ bóyá Shamaun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, tàbí wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. Nọ́ọ̀sì náà ti lọ sí ìsìn Àjíǹde. A ń pè é, kò tíì gbé fóònù."