Kẹ̀kẹ́ Ò Mọ Ìkúnlẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ tí iléeṣẹ́ wa fún mi lọ síbi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mojírọ́lá. Tí a bá ń gun òkè, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Látìgbà tí wọ́n ti fòfin de ọkọ̀ n'Íbàdàn, irin lásánlàsàn ló ń pàṣẹ fún ọmọ ènìyàn.

Mo ń gun Òkè Màpó lọ, mò ń mí hẹlẹ, ni mo rí ìyá mi lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n wá ṣàdúrà fún mi ni. Ìyá tó gbá mi létí nígbà kan, torí pé mo kí àgbà lórí ìdúró!

"Ẹ káàárọ̀ o, Màámi!" Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti tẹrí ba. Wọ́n gbójú kúrò lára mi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wà níbẹ̀. Mo ti pinnu pé màá sọ̀ kalẹ̀ kúnlẹ̀. Bí mo ṣe dẹsẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ṣẹ́ mọ́ ni?" Mo rántí àwọn ọmọ mi, mo tún ń wà á lọ.

Ni ìyá mi bá kó ìró wọn jọ, wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n kúnlẹ̀ sórí títì.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ rọra máa gun òkè o, ọ̀gá wa."

Kí n tó la ẹnu, kẹ̀kẹ́ ti bá mi dá wọn lóhùn:

"Ẹ yàgò lọ́nà, ìyá."