Ọkọ̀ Dígí Lórí Òrùlé Ìyá Mi

Ẹ̀rọ ìrìnàjò tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ń ka àwọn etí òkun tí èmi àti ọkọ mi lè lọ fún ìsinmi, ohùn ẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ fi lọ̀ wá. Oko ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ya dé ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ti di etí òkun!

“Òbè-Àrà ló dùn jù,” ni ẹ̀rọ wí. “Ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀ dígí, ẹ ó máa mu ọtí tútù, ẹ ó sì máa wo àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ omi. Ẹja ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ibùsùn kan ṣì wà níbẹ̀ táwọn àlejò ò tíì gbà!”

Ìlú mi ni Òbè-Àrà.

“Ibẹ̀ la ń lọ,” ni mo wí.

“Ṣé ọmọ ìlú náà wà nínú yín? Òfin ò gbà wọ́n láàyè. Wọ́n máa ń sunkún, ẹkún wọn sì ń ba fàájì àlejò jẹ́.”

Ọkọ mi sọ ọ́ sí mi létí: “Sọ pé ọmọ Ìkìrun ni ẹ́, jàre, kó o ṣáà rí ilé Màmá.”

Èmi? Kí n sẹ́ ìyá mi níwájú ògiri?

“Gbọ́, ìwọ aláìlójútì yìí,” mo dá ẹ̀rọ lóhùn. “Òrùlé ìyá mi lẹ ń wakọ̀ kọjá lórí ẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn!”

“Ẹ má bínú. Ṣé ká wá mú Ìjẹ̀bú-Òde?”

Mo pa á.

“Báwo la ṣe wá fẹ́ débẹ̀?” ọkọ mi bi mí.

“Àjẹ̀ tí bàbá mi fi ń wa ọkọ̀ ojú omi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé e wá. Onílé kì í tọrọ àyè kó tó wọlé.”