Èèpo Igi Obì Lára Àwòrán Ẹ̀ẹ̀rùn

Gbádébọ̀ ayàwòrán fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó lẹ eruku ọyẹ́ àti ewé gbígbẹ mọ́ ọ̀dà tútù, ó sì bó èèpo igi obì ẹ̀yìnkùlé kún un. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀, dákú.

“Ṣé igi tí a ri ibi ọmọ sí nídìí lẹ bó, Bàbá Àwẹ̀ró?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Olúwa, ta la ó fi sùn?”

Gbádébọ̀ yíjú sí àwòrán náà. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́, síbẹ̀ ewé ara àwòrán ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀.

Ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fi oríkì pè é padà. “Àwẹ̀ró, ẹyinjú mi, dá mi lóhùn.”

“Màámi.”

Ètè ọmọ kò mira. Inú àwòrán ni ohùn náà ti wá, ó sì ń jìnnà lọ.