Akoto Pupa Ara Ògiri

Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé tí Bàbá Pẹ́ńtà bá kun ìgbín, ìgbín á fẹ́ máa sáré.

Alùpùpù ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dojú kọ báyìí lẹ́yìnkùlé.

Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ike tó fọ́. Ó ti fi sáńpépà fá a títí tó fi jọ̀lọ̀. Ó ń fín ọ̀dà pupa sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í.

“Bàbá wọn, ó tó. Ọjọ́ kẹta rèé, ẹ ò fẹnu kan oúnjẹ.”

“Ó kù díẹ̀.”

Obìnrin náà nawọ́ sí ike.

“Má fọwọ́ kàn án! Ọ̀dà ò tíì gbẹ!”

Ìyàwó bú sẹ́kún. Bàbá Pẹ́ńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Akoto tí ọmọ wọn máa ń dé gun alùpùpù ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri. Ó pupa fòò. Kò sí ojú àpá kan lára rẹ̀.

Bàbá ló kùn ún, kó lè bá alùpùpù mu, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ jáde tí kò padà wálé mọ́.

Ọmọ nawọ́ fẹ́ mú un.

“Má fọwọ́ kàn án, ọ̀dà ò tíì gbẹ. Máa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìtòsí náà ni.”