Ìwé Kan fún Oṣù Mẹ́ta

Ilé ìkàwé fẹ́ ti ilẹ̀kùn fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lè tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ìwé kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni lè yá lọ sílé. Bàbá arúgbó tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé gbé méjì sórí tábìlì. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ló kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ọ̀kan. Obìnrin tó ń wa bàálù ló kọ èkejì.

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé sún mọ́ ọn. "Bàbá, láti àárọ̀ lẹ ti ń wo méjèèjì. Àbí iṣẹ́ abẹ lẹ fẹ́ kọ́ ni?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí, Tíṣà? Ta ló máa jẹ́ kí n la inú òun?"

"Ẹ mú ti bàálù nígbà náà."

"Ẹ má tíì lé mi lọ sókè."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ bàbá náà ní ìwé kíkà, lórí tábìlì yìí, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ dé, àwòrán ẹ̀yìn ìwé dókítà ló nawọ́ sí. Obìnrin náà ní òun á kà á fún un. Bàbá náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun fẹ́ kà á fúnra òun.

Ní báyìí, bàbá náà tún ṣí orí kìíní ìwé méjèèjì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Etí dókítà inú àwòrán gbòòrò. Fìlà awakọ̀ bàálù náà sì jókòó lé etí tó gbòòrò. Bàbá náà fa fìlà tirẹ̀ wálẹ̀ bo etí.

"Ti dókítà ni kẹ́ ẹ mú," ni obìnrin náà wí. "Kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Oníbàálù yẹn, ìbínú ló fi kọ tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá gbé, kí lẹ fẹ́ fi ìbínú ṣe nílé?"

Bàbá náà ronú kan yàrá rẹ̀: àga kan, ife kan, rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti ìwé dókítà padà sí i.

"Agídí yín yìí, Bàbá!"

"Òun náà ni mo fi kàwé."

Nínú ìwé tó dá padà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ ọ́ pé bàbá òun ti kú kí òun tó mọ̀ ọ́n rìn; nínú èyí tó há sábẹ́ apá lọ sílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin bú u fún ojú ìwé mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n bàbá náà ṣì wà láàyè níbẹ̀.