Ẹni Tó Láṣẹ Láti Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀

Kí ilẹ̀ Ìkìrun tó mọ́, ìyá àgbà Fẹ̀yíntọlá ti fi ìbòmú dí ẹnu rẹ̀. Ẹnu tó fi rẹ gbogbo ọmọ àdúgbò lẹ́kún ló wá ń fi aṣọ dí, bí ẹni tí ẹnu ń rùn. Òfin ni: ẹni tí kò bá níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀, kó má baà ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò ìwé àṣẹ náà, ìyá ṣàwàdà, wọ́n sì fún un ní òdo.

Ìbídùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀, jí. "Ìyá àgbà, kí ló dé tí àkùkọ ń kọ?"

Ìyá nawọ́ sí ògiri, níbi tí ìjọba fi ẹ̀rọ tó ń dá ọmọdé lóhùn sí. Ògiri dáhùn kedere, bí ó ti máa ń ṣe. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Ìyá fa ìbòmú wálẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Akínwándé, bàbá ọmọ, bẹ̀ ẹ́. "Tí ògiri bá gbóhùn yín, wọ́n á lé Ìbídùn kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi."

"Ta ló kọ́ ìwọ ní ọ̀rọ̀ tí o fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ yìí? Ṣé ògiri ni?" Ó gbé ọmọ lé itan. "Oòrùn ló kọjá lójúde àkùkọ láìkí i. Inú ló ń bí i."

Iná ara ògiri di pupa fòò. Akínwándé káwọ́ lérí.

Ìbídùn fa ìyá àgbà láṣọ. "Kí ni oòrùn wá sọ?"