Góòlù Ẹ̀san ní La Ceiba
"Wilmer, ṣé Yadira wà níbí? Kó wá wo bí mo ṣe máa dójú tì ẹ́!"

Agbábọ́ọ̀lù àárín tó sọ̀rọ̀ yìí gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún pẹ́nárítì. Wilmer tó ń ṣọ́lé ló gba Yadira, àyànfẹ́ rẹ̀, tó fi bínú kúrò ní ẹgbẹ́ wọn.

"Gbá a jàre," ni Wilmer dáhùn.

Bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni tó bá gbá góòlù sílé ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kì í jó, ṣùgbọ́n eléyìí bọ́ ẹ̀wù, ó jó dé iwájú àwọn èrò, ó ń wá ojú Yadira.

Wilmer bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ tó wà. "Ọ̀rẹ́, èmi náà ò ní in mọ́. Wo ọ̀dọ̀ kóòṣì wa."

Yadira ló ń fi ìborùn rẹ̀ nu òógùn lójú kóòṣì.